Alùpùpù Wo Ló Yẹ Ọ̀nà Boni?

Ní Boni, ní ìlú Ṣábẹ̀, oríṣi ọ̀nà méjì ni alùpùpù ń tọ̀: ọ̀nà ọ̀dà tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, àti ọ̀nà erùpẹ̀ tó lọ sí oko. Ẹ̀rọ tó dára fún ọ̀kan lè dójú ti olówó rẹ̀ lójú èkejì.

Alùpùpù oníjíà ni àwọn zẹ́mìjàn fi ń kó ẹrù. Ọwọ́ òsì a tẹ irin, ẹsẹ̀ òsì a yí jíà. Ẹ̀wọ̀n irin a sì máa yí táyà ẹ̀yìn, bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí ẹrù bá wúwo níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, jíà kékeré a máa bá bíréèkì di ẹ̀rọ náà mú. Ṣùgbọ́n yanrìn a máa jẹ ẹ̀wọ̀n.

Skútà kò ní jíà tí a ń fi ẹsẹ̀ yí. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí táyà rẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ ìlọgi. Inú àpótí ló wà, kò sì fẹ́ òróró. Ó rọrùn láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì tó ti gbó bá já lọ́nà oko, títì ni olówó rẹ̀ yóò ti skútà bọ̀ wálé.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù kọ́kọ́ wo ẹrù rẹ̀ àti ọ̀nà rẹ̀. Kí ẹlẹ́wọ̀n máa fi ìka tẹ ẹ̀wọ̀n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: bí ó bá ń fì ju bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kí ó fà á, ṣùgbọ́n kó má le jù, kí ó sì ta òróró sí i. Kí oníbẹ́líìtì pààrọ̀ tirẹ̀ kó tó já.