Wáyà abẹ́ òkun já l'Abidjan: kí ló dé bá fáìlì tó wà lójú ọ̀nà?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun lẹ́bàá Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Abidjan dákẹ́, Accra ń fà tìkọ̀, l'Ékòó àwọn oníbàárà báǹkì ń tẹ fóònù lásán. MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló yẹ̀, pé kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ló fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè ìgbà tí WhatsApp máa padà. Ìbéèrè ẹni tó ń fi ẹrù ńlá ránṣẹ́ yàtọ̀: ibo ni fáìlì mi dé?

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ Èjìgbò kan tó ń ya fídíò òde ní Treichville, l'Abidjan. Fídíò ìgbéyàwó jẹ́ gígábáìtì 40, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èjìgbò ló máa gé e. Bó bá fi scp, àṣẹ tó ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ránṣẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú nígbà tó ku díẹ̀, ó di kó bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Scp kì í rántí ibi tó dé. (Bọ́ọ̀sì kúkú ń lọ láti Abidjan sí Èjìgbò, ọ̀pọ̀ á sọ pé kó fún awakọ̀ ní káàdì kámẹ́rà. Lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò ní bá wọn jiyàn.)

Rsync ló mọ irú ọ̀nà yìí. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló ṣe é ní Ọsirélíà, ó sì jáde ní 1996. Ó máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, á ṣírò àmì kékeré fún ègé kọ̀ọ̀kan, á fi ti ibí wé ti ọ̀hún, èyí tí kò sí lọ́hùn-ún nìkan ló máa rán lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, rsync fúnra rẹ̀ á da ààbọ̀ fáìlì nù, àfi tí ẹ bá ti kọ --partial:

rsync -av --partial ayeye/ egbon@ejigbo:fidio/

Ẹ wo àmì / tó tẹ̀lé ayeye. Bó bá wà níbẹ̀, ohun inú fódà nìkan ló ń lọ. Bí kò bá sí, fódà náà á lọ tòun tinú rẹ̀. Ohun tó kéré tó báyìí kò yẹ kó lágbára tó bẹ́ẹ̀, lójú tèmi.

Bó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ẹ ti ń ṣe àdàkọ fáìlì, àṣẹ cp tó. Ó ti wà látìgbà ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unix ní Bell Labs, ní 1971. Kì í gbé fódà láìsí -r tàbí -a; -a ló sì ń tọ́jú ọjọ́ tí a tún fáìlì ṣe kẹ́yìn. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í béèrè: bí orúkọ kan náà bá ti wà níbi tó ń lọ, ó máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí wẹ́rẹ́, láìwí nǹkan kan. Ẹ fi -i sí i kó lè kọ́kọ́ bi yín.

Bí wáyà bá sì ti padà, tí ẹrù ti gúnlẹ̀, kí oní-fídíò wa tún àṣẹ rsync yẹn tẹ̀, kó fi -avnc dípò -av. Lẹ́tà n ní kó má gbé nǹkan kan, kó kàn sọ ohun tí ì bá gbé. Lẹ́tà c ní kó ka inú fáìlì wò, kó má gba ọjọ́ àti ìwọ̀n gbọ́ lásán. Bí kò bá dárúkọ fídíò kankan, ó lè wá pa ohun inú káàdì kámẹ́rà rẹ́.