Àkàrà Ọya ní Etí Òkun Bàhíà: Ohun tí Arìnrìnàjò Yóò Jẹ ní Salvador

Ọmọ Yorùbá tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Potogí, kò ní fi ebi sùn. Bí ó bá ti lè pe àkàrà, ẹni tí yóò dá a lóhùn kò ní wọ́n. Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n so orúkọ oúnjẹ náà mọ́ ọ̀rọ̀ wa “jẹ”, bí ẹni pé ìpolówó ọjà ló di orúkọ. Nínú ilé òrìṣà Candomblé, acará lásán ni wọ́n ṣì ń pè é. Àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn ilẹ̀ tí ó múlé tì í ni wọ́n gbé oúnjẹ náà kọjá òkun, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn kò sì jẹ́ kí ó parun.

Ìlú ńlá ni Salvador. Ọdún 1549 ni àwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó sí etí Òkun Àtìláńtíìkì, òun sì ni olú-ìlú Bràsíìlì títí di ọdún 1763. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ni ó pín sí, ẹ̀rọ agbéniròkè kan tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1873, ló so méjèèjì pọ̀. Ilé oúnjẹ olówó gọbọi kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì tí ó kọjú sí òkun pọ̀ lọ jàra. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí, ẹni tí ó jẹun nínú hòtẹ́ẹ̀lì nìkan títí tí ó fi padà sílé, oúnjẹ Salvador kò tíì kàn án lẹ́nu. Àtẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ.

Ẹ ó ti dá oníàkàrà mọ̀ láti òkèèrè. Baiana ni wọ́n ń pè é, ìyẹn obìnrin ará Bàhíà. Aṣọ funfun ni yóò wọ̀, pẹ̀lú yẹ̀rì tí ó fẹ̀ bí agboòrùn, gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ni èrò máa ń pọ̀ jù lọ níwájú àwọn àtẹ wọ̀nyí, pàápàá ní àdúgbò Rio Vermelho, níbi tí Dinha àti Cira, olóògbé méjì tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo Bràsíìlì, ti ta àkàrà wọn nígbà ayé wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ní ya ìyá yín lẹ́nu. Ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n ń rẹ sómi, wọn yóò bó o, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọn yóò sì fi ọmọrogùn pò ó títí tí afẹ́fẹ́ yóò fi kún inú rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọn kì í fi òróró tan ara wọn jẹ. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni lẹ́yìn tí ó bá jinná. Àkàrà tiwọn tóbi ju tiwa lọ dáadáa; wọn yóò là á láàárín bí ẹni la búrẹ́dì, wọn yóò sì kó nǹkan sí i nínú: vatapá, caruru, edé gbígbẹ àti tòmátò tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Vatapá jẹ́ ohun kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, kajú, atalẹ̀, oje àgbọn àti epo pupa rò pọ̀. Ọbẹ̀ ilá ni caruru. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà tàbí edé gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ṣíbí.

Baiana náà yóò bi yín ní ìbéèrè kan: “Quente?” Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni “gbígbóná”, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti iná ló ń wí. Ata ló ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó fẹ́ kí àkàrà òun gbóná ló ti fi omijé sanwó ìdáhùn yẹn. Ọmọ Ìbàdàn lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìfòyà; kí àwọn yòókù ní kí ó fi díẹ̀ sí i ná. Bí ẹ kò bá fẹ́ ohun dídín, ẹ bèèrè abará. Ẹ̀wà lílọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn kí wọ́n tó sè é. Ẹ ó ṣí ewé náà, ẹ ó sì bá ọ̀ọ̀lẹ̀ pàdé.

Oúnjẹ Ọya ni àkàrà yìí jẹ́ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, Iansã ni wọ́n sì ń pe Ọya níbẹ̀. Láyé ẹrú, àwọn obìnrin kan wà tí olówó wọn máa ń rán jáde láti lọ tajà ní ìgboro. Iye tí ó bá dá lé wọn ni wọn yóò mú wálé fún un. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀, tí àwọn mìíràn fi ra ara wọn padà. Ọdún 1888 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíìlì. Lẹ́yìn náà pẹ̀lú, owó àkàrà ni ọ̀pọ̀ ìyàwó òrìṣà fi ń ṣe ètùtù wọn, òun náà ni wọ́n fi tọ́ ọmọ yanjú. Nítorí náà, nígbà tí àjọ IPHAN, tí ń mójú tó ogún àṣà fún ìjọba Bràsíìlì, fi orúkọ iṣẹ́ àwọn baiana sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2005, kì í ṣe bí àkàrà ṣe dùn tó nìkan ni wọ́n wò.

Ìwé ogún kò sọ pé kí wàhálà má dé. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, òfin àwọn tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fẹ́ lé àwọn oníàkàrà jìnnà sí pápá ìṣeré Fonte Nova. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn nínú aṣọ funfun wọn, ariwo náà sì pọ̀ títí tí wọ́n fi rí àyè díẹ̀ gbà. Àríyànjiyàn kejì kò tíì tán títí di òní. Àwọn kan tí wọ́n ti gba ẹ̀sìn ajíhìnrere ń ta àkàrà kan náà, ṣùgbọ́n “àkàrà Jésù” ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti bọ́ gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ní kí onígbàgbọ́ má din àkàrà. Gbogbo wa la mọ oníàkàrà tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílé níbí. Ohun tí ó ń dun àwọn baiana ni pé wọ́n fẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ náà kí wọ́n sì pa ẹni tí ó dá a sílẹ̀ rẹ́ kúrò nínú orúkọ. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn-àjò lọ lè yan ẹni tí ẹ ó fún lówó yín.

Bí ẹ bá fẹ́ jókòó jẹun, moqueca ni kí ẹ pè: ẹja tàbí edé tí wọ́n fi oje àgbọn, tòmátò, àlùbọ́sà àti epo pupa sè, tí yóò ṣì máa hó nínú ìkòkò amọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú yín. Ìrẹsì àti farofa ni yóò tẹ̀lé e. Kí farofa má ṣe dẹ́rù bà yín o: ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ó jọ gàárì ni, tí wọ́n fi epo pupa yan. Ìkòkò kan sábà máa ń tó ènìyàn méjì, nítorí náà kí tọkọtaya má ṣe pe méjì. Ẹni tí ó ń ṣọ́ owó rẹ̀ lè wá ilé oúnjẹ tí wọ́n ti kọ “a quilo”. Ẹ ó fọwọ́ ara yín bu oúnjẹ, wọn yóò gbé àwo sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ ni ẹ ó sanwó lé lórí. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló máa ń gbé oúnjẹ olépo jáde, vatapá àti caruru yóò sì wà níbẹ̀.

Àwọn orúkọ kan yóò tan yín jẹ. Amalá tí wọ́n ń gbé fún Xangô ní ọjọ́rú kì í ṣe òkèlè dúdú tí a mọ̀. Ilá ni, pẹ̀lú epo àti edé. Lójú tèmi, èyí dùn mọ́ni púpọ̀: èlùbọ́ kò bá wọn dé òdìkejì òkun, ọbẹ̀ ló gba orúkọ òkèlè, Ṣàngó kò sì kọ̀ ọ́. Bí ìrìn-àjò yín bá bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ẹ ó rí ohun tí yóò rán yín létí ilé. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń fi ọbẹ̀ ilá ṣe sàráà fún àwọn ẹni mímọ́ ìbejì, Cosme àti Damião, tí àwọn ènìyàn sì dà pọ̀ mọ́ Ìbejì tiwa. Ọmọdé méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún, kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Àlejò kì í sábà ṣòroó gbà wọlé lọ́jọ́ náà.

Fún ẹni tí owó ọkọ̀ òfuurufú kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀, díẹ̀ nínú oúnjẹ Bàhíà wà ní Èkó. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, mú frejon bọ̀ wálé: ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì fi oje àgbọn pò. Ọjọ́ Ẹtì Rere, ṣáájú Àjíǹde, ni wọ́n ń jẹ ẹ́ jù lọ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rẹ́ nínú àwọn ìdílé náà, kí ó ti máa kí i láti ìsinsìnyí.