Ìbọn Ọdẹ Tí Ó Ti Pẹ́ Lájà

Ṣakabùlà kò tíì kúrò nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ọdẹ ni gbogbo rẹ̀ wà mọ́. Bí ọdẹ bá kú, tí wọ́n ti ṣe ṣípà rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sun ìrèmọ̀jé tán, ìbọn rẹ̀ a di ti àwọn ọmọ. Bí ọmọ bá wá jẹ́ akọ̀wé tàbí oníṣòwò, yóò gbé ìbọn náà há àjà ilé ìdáná. Èéfín yóò máa rú lù ú, òjò yóò máa jò sí i, títí di ọjọ́ tí ẹnìkan yóò fi wá bèèrè pé, “Èló ni ẹ ó ta irin yìí?” Owó tí a fi ń ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ojú ẹni, ó lè gba ìka ọwọ́, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Kí a tó yọ owó, ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba òfin. Nínú Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bíríbírí, wà lára àwọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fún un ní àṣẹ. Ìbọn tí à ń ki láti ẹnu, bíi ṣakabùlà, ṣeé ní bí a bá gba ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ bàbá kì í sì í ṣe ti ọmọ, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ó ra ìbọn lọ́wọ́ ọmọ. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ lọ.

Àwọn àgbà a máa wí pé: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Apátí ni irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pa òwe yìí tí kò mọ ohun tí à ń pè ní apátí. Òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni òwe náà, nítorí pé ìbọn tí a bá lájà lè wà ní kíkì. Ọdẹ lè ti oko dé láìrí ẹran pa, kí ó gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀, kí àìsàn sì dá a dúbúlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀tù tí omi kò bá kàn kì í kú. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún kí ó sì gbiná.

Ọ̀nà àtimọ̀ kò le. Kí a yí ẹnu ìbọn kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, kí àwa náà sì dúró sí ẹ̀gbẹ́. Kí a ti ọ̀pá ìkìbọn bọ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi kanlẹ̀, kí a fi èédú sàmì sí i ní déédéé ẹnu ìbọn. Kí a wá fà á yọ, kí a tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn ọ̀pá ìbọn, kí àmì náà bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Bí orí ọ̀pá náà bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, inú ìbọn ṣófo. Bí ó bá ku ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó débẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Omi ni kí a rọ sí i, kí ó sùn mọ́jú, kí a sì gbé e fún alágbẹ̀dẹ kí ó fa ohun tí ó wà níbẹ̀ jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìdí rẹ̀ sínú iná. Àwọn kan rò pé iná yóò tú ìpáàrà. Iná náà gan-an ni yóò yin ìbọn.

Nígbà tí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò fún rírà, kí dídán má tàn wá. Awọ tí a fi di igi ìdí rẹ̀ lè bo ibi tí ó ti sán. Ìyẹn kò burú jù, nítorí pé a lè gbẹ́ igi mìíràn, alágbẹ̀dẹ sì lè rọ apátí tuntun. Ọ̀pá nìkan ni kò ní àtúnṣe. Kí a fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìdí dé ẹnu: bí ó bá wú níbì kan, ẹ̀tù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ rí. Bí ihò iná bá ti fẹ̀ jù, iná yóò máa tú sí ojú ayinbọn. Ọ̀pọ̀ ni ó tún jẹ́ pé ọ̀pá omi ni wọ́n fi ṣe é, tí ojú ìsopọ̀ irin sì hàn gbangba lára rẹ̀. N kò ní gba irú èyí, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta mí lọ́rẹ.

Ní ti fífọ̀, omi gbígbóná ni ó ń ṣáájú, kì í ṣe epo. Ìyókù ẹ̀tù dà bí iyọ̀: ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Bí a bá da epo lé e, ìpáàrà yóò máa jẹ irin lábẹ́ epo náà. Nítorí náà kí a yọ ọ̀pá kúrò lára igi, kí a máa rọ omi gbígbóná sínú rẹ̀ títí omi yóò fi mọ́, kí a fi aṣọ nù ún gbẹ, kí a sì sá a sóòrùn. Kẹrosíìnì ni a ó fi rẹ ibi tí ó dógùn-ún, kí a tó fi aṣọ ha á. Iyanrìn àti ayùn irin a máa jẹ irin pẹ̀lú ìpáàrà. Pupa yóò kúrò, dúdú yóò kù. Ẹ fi dúdú sílẹ̀, aṣọ irin ni. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ ni kí a fi parí rẹ̀. Epo pupa a máa dì, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn, apátí a wá di ọ̀lẹ. Epo tí à ń ta sí ojú Ògún lọ́tọ̀, èyí tí à ń fi tọ́jú irin lọ́tọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó yìn ín, kí alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ so ó mọ́ igi, kí ó fi okùn gígùn fa apátí láti ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn èyí, kí a tún fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí a tún fi ìka tọ ọ̀pá wò bóyá ó wú, kí a tó gbé e kọ́ sí yàrá tí ó gbẹ, ní ìdojúdélẹ̀, kí epo má baà ṣàn sínú igi ìdí rẹ̀.