Àkókò Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Fi Sáré Tẹ̀lé Aṣíwájú Eré: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Á Fọwọ́ Sí I?

Láàárín àwọn tí ń bójú tó eré sísá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń sá eré ìje, tí ẹlòmíràn tí ó lágbára jù ú lọ sì ń sá níwájú rẹ̀ kí eré rẹ̀ má baà falẹ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí á kọ àkókò tí ó fi parí eré náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àkókò tí a fọwọ́ sí?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú. Àkókò tí a kọ sílẹ̀ wà lára ohun tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń wò kí wọ́n tó fún asáré láti ilẹ̀ òkèèrè ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba ojú ọ̀nà eré sísá dé Yunifásítì Texas ní El Paso. Àwọn ọmọ wa mìíràn ń fojú sọ́nà fún irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Iṣẹ́ tí aṣíwájú eré ń ṣe

Ẹni tí a pè ní aṣíwájú eré níhìn-ín ni ẹni tí ń sá níwájú ní ìwọ̀n eré tí a ti fẹnu kò sí, tí ó sì sábà máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà kí eré tó parí. Ohun méjì ni ó ń ṣe. Èkíní, ó ń fi àyà gba afẹ́fẹ́ fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí agbára onítọ̀hún má baà tètè tán. Èkejì, ó ń gba ìṣirò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí ń tẹ̀lé kò ní láti máa bi ara rẹ̀ bóyá òun ti yára jù tàbí òun ti falẹ̀ jù. Ẹ̀yìn ẹni iwájú ni yóò tẹjú mọ́. Nínú eré máìlì kan, tí í ṣe nǹkan bí 1,609 mítà, ìyípo kẹta ni ó máa ń le jù, nítorí pé ó ti rẹ ara, òpin kò sì tíì sún mọ́. Ibẹ̀ ni aṣíwájú ti wúlò jù lọ.

Ohun tí ìtàn kọ́ wa

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1953, wọ́n fi eré máìlì kan kún ètò ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Surrey ní Motspur Park, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí Roger Bannister lè gbìyànjú níbẹ̀. Don Macmillan, ọmọ Ọsirélíà, ni ó kọ́kọ́ ṣíwájú. Chris Brasher ní tirẹ̀ rọra ń sá bọ̀ lẹ́yìn títí Bannister fi yí pápá dé bá a. Ìgbà náà ni Brasher, tí kò tíì rẹ̀, wá bọ́ síwájú láti fà á dé òpin. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 2.0 ni Bannister fi parí eré náà. Àwọn aláṣẹ eré sísá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, wọn kò fọwọ́ sí i, nítorí pé wọn kò kà á sí ìdíje tòótọ́.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, Bannister di ẹni àkọ́kọ́ láyé tí ó sá máìlì kan láìpé ìṣẹ́jú 4. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59.4 ni ó lò ní Oxford. Brasher yìí kan náà ni ó kọ́kọ́ ṣíwájú, Chris Chataway sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí èyí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nínú ti Oxford, àwọn aṣíwájú bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n sì sá a bí olùdíje. Kò sí ẹni tí ó fà sẹ́yìn láti dúró de ọ̀gá rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣì wà nínú òfin World Athletics títí di òní. Wọn kò gbà kí ẹni tí kò sí nínú ìdíje, tàbí ẹni tí àwọn yòókù ti fi ìyípo kan ṣíwájú rẹ̀, máa ṣe aṣíwájú. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú àwọn olùdíje lè ṣe é. Ìdí nìyí tí a kò fi ka eré tí Eliud Kipchoge ọmọ Kẹ́ńyà sá ní Vienna ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019 sí àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ó sá màrátọ́ọ̀nì ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40, ṣùgbọ́n aṣíwájú 41 ni ó ń wọlé tí wọ́n ń jáde fún un, eré náà kì í sì í ṣe ìdíje tí a ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bí ó ti rí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà

Àjọ tí ń ṣe òfin eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀, NFHS, ka aṣíwájú tí kì í ṣe olùdíje nínú eré náà sí ìrànlọ́wọ́ tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń lọ sá eré pẹ̀lú àwọn àgbà, níta ìdíje ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1965, Jim Ryun sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.3 nínú ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìpínlẹ̀ Kansas. Ní ọdún yẹn kan náà, ó sá ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 55.3 láàárín àwọn àgbà. Ní ọdún 2001, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, Alan Webb, sá ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 53.43 ní Eugene, níbi tí Hicham El Guerrouj ti Mòrókò ti gba ipò kìíní. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Webb kò sá eré náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ níwájú, àti ọmọ tí ó dá nìkan wà níwájú nínú ìdíje ilé-ẹ̀kọ́, kò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Èrò wa

Lójú tiwa, ó yẹ kí á fọwọ́ sí àkókò náà bí aṣíwájú bá bẹ̀rẹ̀ eré pẹ̀lú gbogbo olùdíje, bí a bá ti kéde rẹ̀ ṣáájú, tí ìdíje náà sì ní adájọ́. Ṣùgbọ́n kí á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé aṣíwájú wà níbẹ̀. Kí á má sì torí rẹ̀ nìkan yan ọmọ kan sípò ọmọ tí ó borí nínú ìdíje tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ jọ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lówó lè wá àgbà asáré fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ń dá sáré lórí pápá oníyanrìn ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ìpókíá kò ní irú ìyẹn. Bí a bá fi àkókò méjèèjì sí ojú kan náà láìsọ bí a ṣe rí wọn, a ti rẹ́ ọmọ kejì jẹ.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Amusan ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene yẹn náà. Nínú ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá eré 100 mítà tí a ń fo igi ìdènà, ó sá ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, ó sì di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ní àṣekágbá, ó sá 12.06, ó gba wúrà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń tì wọ́n lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju 2.0 tí òfin gbà lọ. Wúrà rẹ̀ dúró, àkókò 12.06 náà wà nínú ìwé pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Wọn kò fi nǹkan kan pamọ́, wọn kò sì fi nǹkan kan du ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ aṣíwájú eré rí.

A rọ ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá pé kí ẹ máa kọ ọjọ́, ibi ìdíje, irú aago tí a lò àti bóyá aṣíwájú wà, sí ẹ̀gbẹ́ àkókò akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá kọ̀wé sí yunifásítì, kí ó sọ bí ó ṣe sá eré rẹ̀ gan-an. Ọmọ tí a gbà nítorí àkókò tí kò lè sá fúnra rẹ̀ yóò dé pápá ọjọ́ kan tí aṣíwájú kò ní sí níbẹ̀. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ni í forí gbọgbẹ́.