Ṣé o mọ̀ pé ìlú mẹ́tàlá ló wà nínú Ṣàgámù?

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo láti Bẹ́gà ní Èkó lè gbé ọ dé ìlú mẹ́tàlá lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣàgámù ni. Ogun ló kó wọn jọ. Ní 1872, àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá fi orílẹ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n wá tẹ̀dó sójú kan kí ọ̀tá má baà máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ọ̀fin, Mákùn, Ṣóyíndò, Ẹ̀pẹ́, Ìbìdó, Ìgbẹ̀pa, Adó, Òkò, Ìpòjì, Bátòrò, Ìjòkú, Làtáwà àti Ìjàgbà. Kò sí èyí tó gbé orúkọ rẹ̀ sọnù. Ọ̀fin ni ààfin Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, wà, Mákùn sì ní ọba tirẹ̀, Ẹ̀wùsì. Nítorí náà, bí o bá gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn tí o ń fẹsẹ̀ rin àdúgbò dé àdúgbò, ìlú lò ń ti ìlú bọ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò ní gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tó jókòó síwájú ilé, kí o ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo la wà yìí?" Wàá gbọ́ ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan.

Owó ọkọ̀ inú ìlú kò le, bí o bá ń wọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀. Sọ fún oníkẹ̀kẹ́ Márúwá pé o kò gba dírọ́ọ̀pù, pé èrò ni o fẹ́ bá wọ̀ ọ́. Owó ìjókòó kan lo máa san.

Ṣé o mọ̀ pé òkun ló bo Ṣàgámù nígbà kan rí? Òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì, ìsàlẹ̀ òkun ló ti dì pọ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ti rí ìkarahun àti egungun àwọn ẹran inú omi nínú rẹ̀. Ògiri ilé tí o fẹ̀yìn tì lè jẹ́ ara òkun àtijọ́.

Ṣé o mọ̀ pé obì tí wọ́n ń jẹ lókè Ọya, púpọ̀ nínú rẹ̀ gba Ṣàgámù kọjá? Gbànja, èyí tó ń là sí méjì, ni àwọn oníṣòwò Hausa ń wá. Àbàtà tó ń là sí mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ti ìbọ àti ìwúre. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣòwò obì yìí, má sì kánjú kúrò. Wàá bá àwọn ìyá lórí àpótí, òkìtì obì níwájú wọn. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà. Wọ́n ń bó o, wọ́n sì ń ṣà á: ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti dá lu lọ́tọ̀. Ewé tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà jìn, obì tó bá sì gbẹ ti di òfò. Kí o tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, sọ pé, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọ igbá o."

Bí ebi bá ń pa ọ́, bèèrè ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ni wọ́n máa rin, wọ́n á máa já a sínú ọbẹ̀ ata àti epo tó ń hó, tí ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Wọn kì í rò ó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á dé e títí kókó rẹ̀ á fi le díẹ̀, kí wọ́n tó rọra rò ó. Èyí tó bá dán kúlúkúlú láìní kókó, ẹni tó kánjú ló sè é.

Ṣé o mọ̀ pé inú ìlú kékeré kan nítòsí Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Tai Solarin ti wá? Wọ́n bí Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1909, ibẹ̀ náà ni ibojì rẹ̀ wà láti 1987. Ọkùnrin tó mú kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955 nìyẹn, ó sì dùn mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ Yorùbá tí kò tíì débẹ̀ rí. Solarin dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1956, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn tó ń sá fún ìnilára ẹ̀sìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó fi oko kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1964, ó kọ àròkọ kan nínú ìwé ìròyìn tí ó fi wúre fún àwọn òǹkàwé pé kí ọ̀nà wọn le. Àwọn kan bínú sí i. Lójú tèmi, kò sí ìwúre tó yẹ arìnrìn-àjò ju ìyẹn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà Ìpẹ́rù, Òde Rẹ́mọ, Ìṣarà àti Ìpara jẹ́ ọ̀nà ìbọn? Nígbà ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, ilẹ̀ Rẹ́mọ wà lára ibi tí Ìbàdàn ń gbà rí ìbọn àti ẹ̀tù láti etí òkun. Ìṣarà tún ni ìlú bàbá Wọlé Ṣóyínká, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Ó fi orúkọ ìlú náà sọ ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1989.

Àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo ayé ń gbé àpò lọ sí Luang Prabang ní Laos, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1995. Wọ́n ń rin ìlú náà látàárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ibi méjì péré ni Nàìjíríà ní nínú ìwé yẹn, Sukur àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Rẹ́mọ kò sì sí níbẹ̀. Kò yẹ ká dúró dìgbà tí àwọn àlejò bá kọ orúkọ ìlú wa sílẹ̀ ká tó lọ wò ó.

Kí o tó di àpò, bèèrè ìgbà tí Orò máa jáde, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín. Àṣà ìlú ni pé obìnrin kì í rí Orò. Onílé tí o fẹ́ dé sí ló lè sọ ọjọ́ rẹ̀ fún ọ.

Bí owó bá sì ṣẹ́kù, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tó gba Ṣàgámù kọjá á gbé ọ dé ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Bèèrè Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ní Bilikísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́lá inú ìtàn Ìjẹ̀bú, sùn sí, kí o sì lọ wo Ẹrẹdò rẹ̀: òkìtì àti kòtò tó gùn ju 160 kìlómítà lọ, tó ga tó 20 mítà níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì, tí àwọn èèyàn wa fi ọwọ́ gbẹ́.