Àpótí Mẹ́ta, Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin

Bí a bá ya àpótí mẹ́ta sórí ìwé, tí a kọ lẹ́tà ọ sí èkíní, k sí èkejì, tí a sì tún kọ ọ sí ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ wo ni ó jókòó síbẹ̀? Ẹni tí ó bá yára dáhùn pé ọkọ ìyàwó ni, ó ti gbàgbé ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ó gbàgbé ọkọ̀ tí ń gbé èrò, ó sì lè má tilẹ̀ mọ ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun àtijọ́ ń jù lójú ogun. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Òyìnbó ni ó dá eré inú àpótí yìí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1913, ni Arthur Wynne, ẹni tí a bí ní Liverpool, kọ́kọ́ tẹ àdììtú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn New York World ní Amẹ́ríkà. Òun ni ayé ń pè ní Crossword lónìí. Lẹ́tà nìkan ni ti Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè. Bí a óò bá ṣe é ní Yorùbá, àmì ohùn gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà wọlé. Bí ọkọ̀ bá sùn gbalaja, ọ̀pẹ lè ti ara ọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọpẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ ń dá a lójoojúmọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo sì ni gb, àpótí kan péré ni tirẹ̀.

Kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó dé ni àlọ́ àpamọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láàrin àwọn Yorùbá. Ọmọ tí ó dàgbà ní ìdálẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá tí a fi ń jẹun, tí a fi ń báni wí, tí a fi ń ránni níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni kì í bá irú èdè bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ pa èyí fún ọmọ tí a bí sí Sabon Gari ní Kánò: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ẹ̀wà ni. Ọmọ náà mọ ẹ̀wà dájúdájú, nítorí ìhà Àríwá ni púpọ̀ nínú èyí tí a ń jẹ nílé ti ń wá. Ó mọ lẹ́búlẹ́bú dúdú tí àwọn obìnrin ń fi sí ojú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kwalli ni ó mọ̀ ọ́n sí. Bí a bá sì ti túmọ̀ tìróò fún un tán, lé ṣì ń bẹ níwájú. Ó mọ kí a lé ewúrẹ́ jáde, ó mọ mẹ́tàlélógún nínú ìṣirò. Pé obìnrin a máa lé tìróò fún ẹwà, ẹnu àlọ́ ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Òmíràn nìyí: awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́. Goro tí ọmọ náà ń rí lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, gbànja ni, awẹ́ méjì péré ni ó ń là sí. Obì àbàtà ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òbí bá ń ti ilé bọ̀, kí ó mú ẹyọ kan dání. Yóò ṣàlàyé awẹ́ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ní ti ìdáhùn àlọ́ náà, kí ọmọ má wá a jìnnà. Ẹnu rẹ̀ ni ó wà.