Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Ń Gan: Kí Ló Ń Ṣe É?

 

Ẹ ó rántí ọjọ́ tí a fẹ́ pín owó àjọ. A tan kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ láti wo iye tí kálukú dá, ó kàn gan ni. Àwọn ọmọ wa ní ó háńgì. A pa á, a tún tàn án, ó tún gan. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwa akọ̀wé la gbé ìwé owó pamọ́. Ó dùn wá o. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé tí a fi bírò kọ, òun la fi pín owó lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó nu inú rẹ̀ nù, ó gbowó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún gan. Ẹnì kejì ló wá yẹ hard disk wò. Hard disk ni àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwé sí. Àwọn tó ṣe é ti kọ ìlànà sí i nínú láti ilé iṣẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní firmware. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìlànà yẹn, ẹ nu kọ̀ǹpútà títí, òtúbáńtẹ́ ni. Firmware tuntun ló fi sí i tó fi bọ̀ sípò.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíì. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Crucial ní Amẹ́ríkà gbé firmware 0309 jáde fún disk rẹ̀ tó ń jẹ́ m4. Disk náà máa ń ka iye wákàtí tí wọ́n fi tàn án. Bó bá ti pé wákàtí 5,184, kíkà yẹn á dà á láàmú, kọ̀ǹpútà á gan. Bí wọ́n bá tún un tàn, á ṣiṣẹ́ bíi wákàtí kan, á tún gan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń tan tirẹ̀ ní wákàtí 6 lójúmọ́, ọjọ́ 864 ni, ó lé ní ọdún 2.

Ti ọdún 2019 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá, Hewlett Packard Enterprise kìlọ̀ pé àwọn disk rẹ̀ kan yóò kú tí wọ́n bá pé wákàtí 32,768, tàwọn ti ìwé inú wọn, àfi bí wọ́n bá ti fi firmware tuntun sí i ṣáájú.

Nítorí náà, bí tiyín bá ń gan:

1. Bó bá ti jí, ẹ kọ́kọ́ da àkọsílẹ̀ yín kọ sórí fláàṣì.

2. Ẹ kọ àkókò tó ń gan sílẹ̀. Bó bá ń gan ní déédéé àkókò kan, ẹ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.

3. Kó yẹ ooru, eruku àti wáyà wò, àwọn náà máa ń fà á. Lẹ́yìn náà, kó wo orúkọ disk, nọ́ńbà firmware àti iye wákàtí tó ti lò.

4. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe disk nìkan ni kó ti mú firmware tuntun. Kí iná má lọ lẹ́nu rẹ̀ o, disk lè kú. Ẹ wá bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ tó lépo dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwé bírò, ẹ má jù ú nù. Méjì la ó máa kọ: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí pépà. Ẹni tó bá fẹ́ wo orúkọ rẹ̀, kó wá wò ó.